Adékúnlé Fájuyì: Akin Tí Kì Í Fi Ènìyàn Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ ṣọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Bárékè ológun wà ní ìlú náà, orúkọ òkè Asabari tí àwọn ọmọ Ṣakí fi ń yangàn ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìlú tó súnmọ́ ẹnubodè ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ni Ṣakí, irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbàgbé ìṣọ́. Ọmọ tó bá dàgbà sí irú àyíká yìí yóò ti rí ọ̀gágun tó wọ aṣọ ayẹyẹ, tí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ aláràbarà tò lọ ní igbá-àyà rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan dúró fún àmì ẹ̀yẹ kan, àmì ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn tirẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè nípa rẹ̀: kí ni ẹni yìí ṣe? Àwọn ta ni ó ṣe é fún? Ta ni ó sì fún un ní àmì náà?

Kí àwọn Òyìnbó tó kó àmì ẹ̀yẹ onífàdákà dé, oyè ni Yorùbá fi ń dá akin lọ́lá. Balógun, Ọ̀tún Balógun, Òsì Balógun, Sẹ́ríkí, Jagun: ojú ogun ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí irú oyè bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Lókè gbogbo wọn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà. Oyè náà ní iyì, ó sì ní ìdè. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, Kakaǹfò tí wọ́n bá rán lọ sógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Lójú àwọn baba ńlá, ọlá ogun kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Gbèsè ni pẹ̀lú. Ẹni tó bá gbà á ti di onígbèsè fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣe iṣẹ́ ológun ní ọ̀rúndún ogún, ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi gbèsè yìí hàn gbangba ni Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ó gba àmì ẹ̀yẹ méjì lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan jẹ́ ti iṣẹ́ ìsìn, èkejì jẹ́ ti ìgboyà lójú ogun. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ kò sí nínú àwọn méjèèjì. Ikú tó kú ní 1966 ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, ikú tí àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà tó dára jù láti gbọ́ àríyànjiyàn náà yé ni kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà ti ṣe kí òru yẹn tó dé.

Ọmọ Adó-Èkìtì nínú iṣẹ́ ológun

Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1926 ni wọ́n bí Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ní 1943, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wọ iṣẹ́ ológun. Ọdún náà kì í ṣe ọdún kékeré nínú ìtàn àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ti gbóná janjan. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti èkejìlélọ́gọ́rin sílẹ̀, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lọ sí Burma láti bá àwọn ọmọ ogun Japan jà. Bárékè Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn gba orúkọ rẹ̀ láti ibì kan tí wọ́n ti jà ní Burma. Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi ṣàjèjì sí etí Yorùbá.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Fájuyì wọ̀ ni wọ́n ń pè ní Royal West African Frontier Force. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ìbọn, ṣùgbọ́n Òyìnbó ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn ọ̀gá. Ọmọ Áfíríkà lè sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má kọjá ipò sájẹ́ǹtì tàbí ti sájẹ́ǹtì àgbà. Ẹ̀ka tó ń rí sí ìfìròyìnránṣẹ́ ni Fájuyì wà. Iṣẹ́ yìí gba làákàyè, nítorí pé bí ìròyìn kò bá dé ibi tó yẹ ní àsìkò tó yẹ, ẹ̀mí lè ṣòfò. Níbẹ̀ ni ó ti di sájẹ́ǹtì.

Àmì ẹ̀yẹ ti àkọ́kọ́

Ní 1951, wọ́n fún Sájẹ́ǹtì Fájuyì ní British Empire Medal. Kì í ṣe nítorí pé ó pa ọ̀tá kankan. Àwọn ọmọ ogun ẹ̀ka rẹ̀ ló fárí gá lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún wọn, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di ọ̀tẹ̀. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná náà kí ó tó ràn.

Ẹni tí kò bá mọ bárékè lè rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kéré. Ní bárékè, oúnjẹ ni ọ̀nà tí ṣọ́jà fi ń mọ̀ bóyá ìjọba kà á sí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ológun kì í fi ojú rere wo ọ̀tẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun bá kọ àṣẹ papọ̀, ẹ̀wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ lè tẹ̀lé e, ìbọn sì lè dún. Àárín méjèèjì ni sájẹ́ǹtì máa ń wà. Àwọn ọ̀gá Òyìnbó ń wò ó pé kí ó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wò ó pé kí ó má ta wọ́n. Bí ó bá fì sí apá kan jù, ó ti bà á jẹ́. Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè rọlẹ̀, àwọn tó ń bínú gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ tẹ akẹ́kọ̀ọ́ létí mọ́ nǹkan kan níhìn-ín. Àmì ẹ̀yẹ kì í sọ nípa ẹni tó gbà á nìkan, ó ń sọ nípa ẹni tó fi í lọ́rẹ pẹ̀lú. Ìjọba amúnisìn ló fún Fájuyì ní àmì yìí, nítorí pé ó bá a dá àwọn ọmọ ogun tó ń ráhùn dúró. Ìráhùn wọn kò torí èyí di irọ́. Ẹni tó bá ń ka ìtàn gbọ́dọ̀ di ohun méjèèjì mú: ìyà lè wà nínú ẹjọ́ àwọn ṣọ́jà, kí ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjìyà tó burú ju ebi lọ sì tún ti ṣe iṣẹ́ akin.

Ní oṣù keje ọdún 1954, Fájuyì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó fi di oṣù kọkànlá ọdún náà, ó ti kúrò ní ipò sájẹ́ǹtì, ó ti di ọ̀gá tó gba ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọ̀gá tó ti ilé-ìwé dé tààrà àti ọ̀gá tó ti fi ọdún mọ́kànlá jẹ oúnjẹ bárékè. Ẹni kejì mọ ohun tí àṣẹ máa ń dà lórí ẹni tó ń gbà á.

Kóńgò, 1961

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ilẹ̀ Kóńgò ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún kan náà, ṣùgbọ́n òmìnira náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan fi dojú rú. Àwọn ọmọ ogun Kóńgò dìtẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ Òyìnbó. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, Moïse Tshombe kéde pé ẹkùn Katanga, ibi tí ọrọ̀ kọ́pà pọ̀ sí jù, ti ya kúrò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ síbẹ̀. Kí ọdún 1960 tó parí, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti wà lára wọn. Orílẹ̀-èdè tí òmìnira rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta ti ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ pẹ̀tù sí ìjà onílé.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn kò rọrùn. Kì í ṣe ogun tí èèyàn ti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá. Ní Katanga, àwọn ènìyàn Tshombe àti àwọn ẹ̀yà Baluba tó wà ní àríwá ń bá ara wọn jà, àwọn méjèèjì sì ń fura sí àwọn ọmọ ogun Àjọ Àgbáyé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1960, àwọn Baluba lúgọ de àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Ireland ní Niemba, ní àríwá Katanga, ènìyàn mẹ́sàn-án ló sì bá a lọ. Ìròyìn náà ba gbogbo ayé lọ́kàn jẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀gá tó ń kó ọmọ ogun gba ọ̀nà àríwá Katanga tí kò mọ ohun tó lè wà níwájú.

Àwọn ará Òkè-Ògùn yóò tètè mọ irú ilẹ̀ tí à ń sọ. Kì í ṣe gbogbo Kóńgò ni igbó kìjikìji; ọ̀dàn ni apá tó pọ̀ ní Katanga, koríko rẹ̀ a máa ga, igi rẹ̀ a máa dúró ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ti àwọn ilẹ̀ tó yí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ká. Ọdẹ Òkè-Ògùn mọ̀ pé nínú irú koríko bẹ́ẹ̀, ẹni tó lúgọ ló ń rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ kò rí nǹkan kan. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tí wọ́n lúgọ dè kò ní àyè àpérò. Bí ó bá dúró sójú kan, wọn yóò pa á tán. Bí olúkúlùkù bá sá lọ ní tirẹ̀, wọn yóò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn ọ̀gá kan ṣoṣo ló lè so wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi jáde.

Mẹ́jọ̀ Fájuyì ni olórí kọ́ńpìnnì C nínú bàtálíọ̀nù kẹrin ti Nàìjíríà, lábẹ́ ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Price. Ní àríwá Katanga ní 1961, àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ́ sínú irú ibùba bẹ́ẹ̀. Fájuyì kò sá fi wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìwàǹwára kó wọn lọ kú. Ó yọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ tó ṣe ní àríwá Katanga ni wọ́n ṣe fún un ní Military Cross.

Àgbélébùú fàdákà ni Military Cross. Òkè tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ funfun tó ní ilà àlùkò láàárín ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, fún àwọn ọ̀gá tí ipò wọn kò tíì ga púpọ̀ tó bá fi ìgboyà hàn níwájú ọ̀tá lórí ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, kí ló dé tó fi jẹ́ àmì ẹ̀yẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira? Ìdí ni pé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣì ni olórí Nàìjíríà títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 tí orílẹ̀-èdè yìí di olómìnira tó ní Ààrẹ tirẹ̀. Orúkọ ọbabìnrin náà ṣì wà lára orúkọ bàtálíọ̀nù tí Fájuyì bá lọ sí Kóńgò.

Bí a bá fi àmì méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ní 1951, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ nínú ewu tí ìbínú wọn fẹ́ fà. Ní 1961, ó kó wọn yọ nínú ewu tí ọ̀tá dẹ sílẹ̀. Àwọn tó yè ni àmì méjèèjì ń tọ́ka sí, kì í ṣe iye òkú.

Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Lẹ́yìn Kóńgò, Fájuyì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí bàtálíọ̀nù kìn-ín-ní ní Enúgu. Ní kété kí ìfipágbàjọba àkọ́kọ́ tó wáyé, wọ́n gbé e wá sí Abẹ́òkúta.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan fi ìbọn gba ìjọba. Wọ́n pa Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba àpapọ̀, wọ́n pa Ahmadu Bello tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, wọ́n sì pa Samuel Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Akíntọ́lá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò nígbà náà. Aláàfin ti fi í jẹ oyè náà ní 1964. Oyè ogun àtijọ́ àti ìbọn ogun òde òní pàdé ní òru kan. Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí gbogbo ọmọ ogun, ló di olórí orílẹ̀-èdè. Ó fi gómìnà ológun kọ̀ọ̀kan sí ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Fájuyì ni ó sì fi sí Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹkùn tí Fájuyì gbà kì í ṣe ibi ìsinmi. Láti Ṣakí ní Òkè-Ògùn títí dé etí òkun, láti ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ títí dé ilẹ̀ Èkìtì tó bí i, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń da epo síni lára tí wọ́n ń ṣáná sí i, ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní “wẹ́ẹ̀tìẹ̀”. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò, ẹbí sì pín sí méjì. Ọkùnrin tó ti pẹ̀tù sí ọ̀tẹ̀ oúnjẹ, tó sì ti lọ pẹ̀tù sí ìjà Kóńgò, ni wọ́n wá ní kí ó pẹ̀tù sí ìjà ilé baba rẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ló lò nípò náà.

Òru ọjọ́ 28 oṣù keje

Ọkàn àwọn ará Àríwá kò balẹ̀ lẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní. Púpọ̀ nínú àwọn aṣáájú àti ọ̀gágun tí wọ́n pa jẹ́ ti Àríwá, púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe ìfipágbàjọba náà sì jẹ́ Igbo. Nígbà tí Ironsi, tí òun náà jẹ́ Igbo, ṣe òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún tó pa àwọn ẹkùn rẹ́, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ Igbo tó ń gbé níbẹ̀. Ironsi wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, ó wà ní Ìbàdàn láti bá àwọn ọba ṣèpàdé. Ilé Ìjọba tó wà ní Àgọ́dì ló sùn sí. Àlejò Fájuyì ni.

Ní òru náà, ọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gágun níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti yí Ilé Ìjọba ní Ìbàdàn ká lábẹ́ Mẹ́jọ̀ Theophilus Danjuma. Inú bàtálíọ̀nù kẹrin tó wà ní Ìbàdàn ni àwọn ọmọ ogun náà ti wá. Bàtálíọ̀nù tí Fájuyì wà nínú rẹ̀ nígbà tó gba Military Cross ní Kóńgò ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbé ìbọn dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí Danjuma fúnra rẹ̀ ti ròyìn lẹ́yìn náà, Fájuyì ló kọ́kọ́ jáde wá bá wọn, ó sì béèrè ìlérí pé wọn kò ní pa Ironsi lára. Wọ́n ṣe ìlérí náà, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ìbọn kò mú un ṣẹ. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé, wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí apá Lálúpọn ní ìta Ìbàdàn, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966. Fájuyì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọdún ní oṣù tó ṣáájú ni. Andrew Nwankwo, ọ̀gá ọ̀dọ́ tó ń bá Ironsi rìn, wà lára àwọn tí wọ́n mú. Òun mórí bọ́, ó sì ròyìn ohun tó rí.

Oṣù mẹ́fà kọjá kí wọ́n tó sọ fún gbogbo ayé pé àwọn méjèèjì ti kú. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, lẹ́yìn ìpàdé tí àwọn aṣáájú ológun ṣe ní Aburi ní ilẹ̀ Gánà, ni ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Wọ́n sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì.

Ìròyìn méjì, ẹjọ́ kan

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ìtàn ikú yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá sọ pé Ironsi nìkan ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ wá mú, pé wọ́n ní kí Fájuyì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá máa mú àlejò òun gbọ́dọ̀ mú òun pẹ̀lú. Èkejì sọ pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kò fún un ní àyè yíyàn kankan, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ti ń fura sí i pé ó mọ̀ nípa ìfipágbàjọba oṣù kìn-ín-ní, àti pé bí Ironsi kò bá sí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà pàápàá, wọn ìbá wá a wá.

Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kò yẹ kí olùkọ́ fi ọ̀kan nínú ìròyìn wọ̀nyí bo èkejì mọ́lẹ̀ nítorí pé ó dùn létí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí ìròyìn kejì bá ní òótọ́ nínú, akin náà ti di ẹni yẹpẹrẹ. Ọ̀nà tí òpìtàn fi ń ṣe irú ẹjọ́ báyìí ni kí ó kọ́kọ́ kó ohun tí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí jọ. Àlejò Fájuyì ni Ironsi. Fájuyì jáde sí àwọn tó gbé ìbọn. Ààbò àlejò rẹ̀ ló béèrè fún. Wọ́n mú wọn pọ̀, wọ́n sì pa wọ́n pọ̀. Nínú ìròyìn méjèèjì, kò sí èyí tó sọ pé ó gbìyànjú láti fi ẹ̀mí àlejò rẹ̀ ra tirẹ̀.

Ibí yìí ni àwọn àmì ẹ̀yẹ ti wúlò. Ẹ̀rí ni wọ́n, wọ́n sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú àríyànjiyàn. Àwọn tó kọ ìdí wọn sílẹ̀ ní 1951 àti 1961 kò mọ ohun tó ń bọ̀ ní 1966, nítorí náà wọn kò lè jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n ṣe láti fi ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, nígbà méjì tí ewu dé, ọkùnrin yìí kò fi àwọn tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé onítọ̀hún kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà kẹta kò ní ìdí láti ya ẹnu. Àwọn àmì náà kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lóru ọjọ́ náà. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni wọ́n sọ.

Military Cross kò sí fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àgọ́dì. Àmì ẹ̀yẹ náà ń béèrè ọ̀tá níwájú. Àwọn tó dúró níwájú Fájuyì lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọmọ ogun ilẹ̀ mìíràn. Aṣọ kan náà ni òun àti wọn jọ wọ̀. Ìgboyà tó nira jù fún ọmọ ogun lè jẹ́ irú èyí, níbi tí kò sí ìbọn láti yìn, tí kò sí ọ̀tá láti ṣẹ́gun, tí ojúṣe nìkan ló kù.

Ohun tó kù sílẹ̀

Wọlé Ṣóyinká kọ ewì kan fún un, “For Fajuyi”, tó wà nínú ìwé *Idanre and Other Poems* tó jáde ní 1967. Gbọ̀ngàn Fájuyì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ọgbà Fájuyì wà ní Adó-Èkìtì, ọgbà ológun Odógbo ní Ìbàdàn, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì wà, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ogun tó bá ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́ ń gba abẹ́ orúkọ ọkùnrin tí àwọn ọmọ ogun pa.

Ìgbésí ayé Fájuyì kò dáwọ́ ogun dúró. Láàárín ọdún kan tí wọ́n pa òun àti Ironsi, Nàìjíríà bọ́ sínú ogun abẹ́lé ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, ogun tí kò parí títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Èyí ló mú kí ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òde òní, yálà ní Ṣakí tàbí ní Adó-Èkìtì. Ní ọdún tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń wo ẹ̀yà kejì bí ọ̀tá, ọmọ Èkìtì kan àti ọmọ Igbo kan kú pọ̀ nítorí pé ọ̀kan jẹ́ onílé, èkejì sì jẹ́ àlejò.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. A lè bọ̀wọ̀ fún akin, kí a sì tún béèrè ẹ̀rí. A lè yin Fájuyì láìfi kún ìtàn rẹ̀, nítorí pé ohun tó dájú nínú rẹ̀ tó. Ìbéèrè mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè níwájú àmì ẹ̀yẹ ti rí ìdáhùn: ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ nínú ewu, àwọn tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é fún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì fún un ní àmì fún èyí tó ṣe ní bárékè àti ní Katanga. Èyí tó ṣe ní Àgọ́dì, àwọn ènìyàn rẹ̀ ló fi ìrántí san án.